Ọmọ ọdẹ ni mí, àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún ìkookò ní Wisconsin yẹn ò jọ ọdẹ lójú mi

Ọmọ màlúù náà ò tíì pé oṣù kan láyé. Ẹ̀yìn ọgbà la ti bá a, ohun tó ṣẹ́ kù lára ẹ̀ ò ju orí àti awọ ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ méjì lọ, yìnyín tó yí i ká sì ti pupa fòò bí ìgbà téèyàn da epo sórí àlà. Bàbá tó ni màlúù, òyìnbó àgbà kan tí mo máa ń lọ bá wẹ egbò ẹsẹ̀ nílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ torí àtọ̀gbẹ tó ń bá wọn fínra, fi ọ̀pá wọn tọ́ka sílẹ̀ pé kí n wò ó. Ipa ẹsẹ̀ ìkookò ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní wolf. Mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ lé e, ó gba gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìlà kan ṣoṣo ló tò lé láti etí igbó wá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tẹ ibi tí ẹsẹ̀ iwájú ti tẹ̀, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, kò dúró gbóòórùn igi kankan bíi ti ajá tó ń rìn gbéregbère. Ó mọ ibi tó ń lọ.

Bàbá ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ìjọba á sanwó ẹ̀, ìyẹn ò ṣòro, àmọ́ àwọn ni àwọn jí ní agogo méjì òru nínú òtútù yẹn tí àwọn ki ọwọ́ bọ inú ìyá ẹ̀ kí àwọn tó rí i fà jáde. Wọ́n wá yíjú padà, wọ́n ń tiro lọ sínú ilé, èmi náà tẹ̀ lé wọn, mo lọ wẹ egbò tí mo wá wẹ̀. A ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi ṣe tán.

Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ èyí ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wà lára àwọn tó ń jókòó sí ìlú ńlá tí wọ́n ń wo fọ́tò ìkookò lórí fóònù tí wọ́n ń sọ pé ó mà rẹwà o. Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ru igi ló mọ bó ṣe wúwo. Apá àríwá ìpínlẹ̀ Wisconsin yìí, ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, tí ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí adágún ńlá Superior, ọ̀rọ̀ ìkookò níbẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ òṣèlú lọ́dọ̀ wa nílé, béèyàn bá dá a sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mu bíà, ọ̀rẹ́ á dọ̀tá kí ilẹ̀ tó mọ́. Apá kan ní kí wọ́n pa á dín kù, apá kan ní ẹ má fọwọ́ kàn án. Èmi ọmọ Òkè-Ògùn wá bọ́ sí àárín wọn, mi ò sì lè dákẹ́, torí ọmọ ọdẹ ni mí.

Bàbá mi àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ paraku ni wọ́n. Ìbọn ṣakabùlà wọn ṣì wà nínú yàrá nílé títí dòní, gbérí wọn náà wà níbẹ̀. Mo ṣì rántí òórùn iná kábáàdì tí wọ́n máa ń so mọ́ iwájú orí bí wọ́n bá ń lọ sígbó lálẹ́. Ọ̀yà, ẹtu, òkété, ẹran ìgbẹ́ ni mo jẹ dàgbà, owó ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n sì fi rán bàbá mi lọ sílé ìwé. Ẹ ò lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi láé pé kéèyàn yìnbọn pa ẹran jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo ti gé ẹ̀ka tí mo jókòó lé.

Àmọ́ ohun tí mo mọ̀ sí ọdẹ ni ohun tí wọ́n fi kọ́ wa. Bàbá àgbà lè tọ ipa ẹran kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí wọ́n tó yìnbọn, wọ́n ti mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo, wọ́n ti mọ odò tó ti ń mumi àti abẹ́ igi tó ń sùn sí. Ẹni tó bá pa aboyún ẹran, kì í fi yangàn láàárín ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá sì pa ẹran ńlá tán, wọ́n á sun ìjálá, wọ́n á ki ẹran tí wọ́n pa, wọ́n á ka oríkì ẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo rò pé orin lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí.

Láti 1865 títí di 1957, ìjọba fúnra ẹ̀ ló ń fowó lé orí ìkookò ní Wisconsin. Pa á, gbé e wá, kó o gbowó. Nígbà tó fi máa di 1960, wọ́n ti pa á tán pátápátá, ó ku ìwọ̀nba díẹ̀ ní Minnesota tó múlé tì wá. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn ẹranko tó ń kú lọ jáde ní ìparí 1973, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí ìkookò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn padà wá láti Minnesota. Ẹnì kankan ò gbé e wá. Èyí yàtọ̀ sí ti ọgbà Yellowstone, níbi tí wọ́n ti lọ kó 14 wá láti Kánádà ní 1995, tí wọ́n tún kó 17 wá ní 1996. Tibí yìí, ẹsẹ̀ ló fi wọlé, bí ọmọ onílé tó lọ sájò tó padà dé. Ní 2020 wọ́n ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Nígbà tó di oṣù kìíní 2021, ìjọba àpapọ̀ yọ ọwọ́ ààbò kúrò lórí ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ti ní òfin kan nílẹ̀ láti 2012 pé ọjọ́kọ́jọ́ tí ààbò bá kúrò, dandan ni kí wọ́n ṣí ìgbà ọdẹ ìkookò. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó ní káwọn dúró di oṣù kọkànlá káwọn rí àyè ṣètò. Ẹgbẹ́ kan láti Kansas, Kansas o, ìpínlẹ̀ tó jìnnà síbí, gbé wọn lọ sí kóòtù, adájọ́ sì ní àfi kí wọ́n ṣí i kí oṣù kejì tó parí. Bí wọ́n ṣe fi ìkánjú ṣe é nìyẹn. Iye tí wọ́n fọwọ́ sí jẹ́ 200, wọ́n fún àwọn ọdẹ ní 119, wọ́n fi 81 sílẹ̀ fún ẹ̀yà Ojibwe tó ni ilẹ̀ yìí káwọn òyìnbó tó dé, torí àdéhùn àtijọ́ fún wọn ní ìdajì ohun tí wọ́n bá fẹ́ pa lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìjọba nígbà yẹn. Ọjọ́ 22 oṣù kejì ni wọ́n ṣí i. Kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta, 218 ti kú.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún un kà. Ìpín àwọn ọdẹ jẹ́ 119, wọ́n pa 218. Wọ́n fi 99 kọjá.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rú òfin kankan, òfin gan-an ló fẹjú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pa ìkookò ní wákàtí 24 kó tó ròyìn ẹ̀, ìjọba náà sì gbọ́dọ̀ kéde wákàtí 24 kí wọ́n tó lè ti ìgbà ọdẹ pa, ẹ fojú inú wo iye ìbọn tó máa dún láàárín méjèèjì. Láìsẹ́ǹsì tí wọ́n fọwọ́ sí, 20 fún ìkookò kan ni, ó jẹ́ ìlọ́po méjì bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Yìnyín tuntun wá bọ́ sílẹ̀, ipa ẹsẹ̀ hàn kedere. Bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá nínú àwọn tó kú ló jẹ́ pé ajá ni wọ́n fi lé wọn. Ajá náà ní GPS lọ́rùn, ọdẹ wà nínú píkọ́ọ̀pù pẹ̀lú hítà, ó ń wo ibi tí ajá dé lójú ẹ̀rọ. Bí ajá kan bá rẹ̀, wọ́n tú òmíràn sílẹ̀.

Mo rí ọ̀kan nínú wọn. Mo dúró ra epo ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ìkookò náà wà lẹ́yìn ẹ̀, ó tóbi ju bí mo ṣe rò lọ, ahọ́n ẹ̀ yọ síta díẹ̀, ó ti gan. Yìnyín ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bọ́ sórí irun ẹ̀ ò yọ́. Ó kàn jókòó síbẹ̀, fínfín, bí iyọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà rí mi tí mò ń wò, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó béèrè pé ṣé kò dáa ni. Mo ní ó dáa. Irọ́ ni mo pa, ó sì ti ń jẹ mí lẹ́nu láti ọdún yẹn. Kò kúkú ṣe mí ní nǹkan kan, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ bi í ni pé akọ ni àbí abo, níbo ló ń sùn, ọmọ mélòó ló ní, ṣé ó pa màlúù ẹnikẹ́ni rí. Ó dá mi lójú pé bàbá mi àgbà ì bá mọ ìdáhùn gbogbo ẹ̀.

Torí oṣù kejì yẹn ni akọ àti abo ìkookò ń gùn ara wọn. Oyún wọn jẹ́ bí ọjọ́ 63, oṣù kẹrin ni wọ́n ń bímọ sínú ihò. Nínú agbo kan, ìyá àti bàbá ni olórí, àwọn ọmọ ọdún yìí àti tàwọn ọdún tó kọjá ló kù, ẹbí ni wọ́n, bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ ọ yẹn. Baálé kú, ilé dahoro. Bí wọ́n bá pa ìyá tàbí bàbá lóṣù kejì, agbo lè tú ká, àwọn ọmọ tí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pa àgbọ̀nrín dáadáa á máa rìn kiri, ọmọ màlúù ò sì ní ìwo, kì í sáré. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ pé "ẹ pa wọ́n kí màlúù lè sinmi" ò fi rọrùn bó ṣe ń dún. Ní 2014 àwọn onímọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Washington wo àkọsílẹ̀ ọdún 25 láti Idaho, Montana àti Wyoming, wọ́n ní bí ìkookò tí wọ́n pa lọ́dún kan bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹran ọ̀sìn tó ń kú lọ́dún kejì ń pọ̀ sí i, àfi tí wọ́n bá pa wọ́n kọjá ìwọ̀n kan. Àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, èsì tiwọn yàtọ̀, ìjà ṣì wà lórí ẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kó tó láti mú kéèyàn fọwọ́ lérán kó tó tú ajá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín náà ń kọ́. Àwọn ọdẹ ní ìkookò ń pa àgbọ̀nrín tó yẹ kó jẹ́ tàwọn. Mo gbọ́ wọn yé, ẹran tó ń wọ fíríísà wọn láti ìgbà òtútù dé ìgbà òtútù ni. Àmọ́ èmi tí mò ń wakọ̀ lójú ọ̀nà yẹn lóru, tí àgbọ̀nrín ti fọ́ iwájú ọkọ̀ mi rí, inú mi dùn nígbà tí mo ka iṣẹ́ ìwádìí tó jáde ní 2021 pé ní àwọn agbègbè Wisconsin tí ìkookò ti padà sí, ìjàǹbá ọkọ̀ pẹ̀lú àgbọ̀nrín fi nǹkan bí 24 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ìkookò fẹ́ràn láti máa gba ojú ọ̀nà rìn, àgbọ̀nrín sì ń bẹ̀rù ibi tí ìkookò ń gbà. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń gba ẹ̀mí èèyàn là.

Mo ti mẹ́nu ba àwọn Ojibwe. Ma'iingan ni wọ́n ń pe ìkookò. Nínú ìtàn wọn, Ẹlẹ́dàá ní kí èèyàn àkọ́kọ́ àti ma'iingan jọ rìn yí ayé ká, kí wọ́n sọ gbogbo nǹkan lórúkọ, nígbà tí wọ́n ṣe tán ó ní kí wọ́n pínyà, àmọ́ ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan, á ṣẹlẹ̀ sí èkejì. Wọ́n pa ìkookò láti gba owó orí ẹ̀, wọ́n sì lé Ojibwe kúrò lórí ilẹ̀ ẹ̀, àwọn Ojibwe máa ń tọ́ka sí i pé ẹ ò rí i bí? Nítorí náà 81 tó jẹ́ ìpín tiwọn yẹn, wọn ò yìnbọn pa ọ̀kan ṣoṣo. Kí wọ́n wà láàyè ni wọ́n ṣe mú ìpín wọn. Àwọn ọdẹ tó kù wá jẹ tara wọn tán, wọ́n tún jẹ wọ inú tàwọn Ojibwe. Lọ́dọ̀ wa, tí ẹran kan bá jẹ́ èèwọ̀ ìran ẹnì kan, ta ló jẹ́ lọ sínú ọgbà ẹ̀ lọ pa á? Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ibi yìí ni ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́.

Mo ròyìn ẹ̀ fún mọ́mì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa lórí fóònù, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìkookò lò ń bá káàánú? Ìkookò tó wà nínú Bíbélì?" Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, apanijẹ ìkookò tó gbé aṣọ àgùntàn wọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ro ó dáadáa. Ìkookò tí bàbá mi àgbà mọ̀ ní Òkè-Ògùn, ẹran tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ kúrú ju tiwájú lọ tó máa ń kígbe bí ẹni ń rẹ́rìn-ín lóru ni, ẹran mìíràn pátápátá ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá wá orúkọ fún ẹranko tí kò sí nígbó wa, wọ́n fún un ní orúkọ ẹni ẹlẹ́ni, àwa náà gba orúkọ, a gba ẹ̀sùn mọ́ ọn. Mo sọ fún wọn pé, "Mọ́mì, ẹ mà jọ̀ọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti padà sí Wisconsin, wọn ò pa èèyàn kankan." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé báwo lòtútù ṣe rí.

Lẹ́yìn oṣù kejì 2021 yẹn, kóòtù ló kù. Ìgbìmọ̀ kan tún fọwọ́ sí 300 fún ìgbà ọdẹ tó tẹ̀ lé e, adájọ́ dá wọn dúró ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ní oṣù kejì 2022, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní California dá ààbò padà fún ìkookò ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀, Wisconsin wà níbẹ̀. Irú ẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ rí, wọ́n ṣọdẹ ẹ̀ ní 2012, 2013 àti 2014, adájọ́ dá a dúró lóṣù kejìlá 2014. Wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń tì í, bí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń fẹ́.

Ibi tí mo dúró rèé, ẹ lè bá mi jà. Ààbò tó wà nílẹ̀ báyìí le jù fún bàbá tó ni màlúù yẹn. Bí ìkookò bá ń jẹ ọmọ màlúù wọn lójú wọn báyìí, wọn ò gbọdọ̀ yìnbọn sí i, ìjọba pàápàá ò lè pa á, àfi tí ẹ̀mí èèyàn bá wà nínú ewu. Ní Minnesota, níbi tí òfin ti rọ̀ díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè lọ sí oko tí ìkookò ti pa ẹran ọ̀sìn, kí wọ́n mú èyí tó bá wà nítòsí ibẹ̀ pa. Ìyẹn yé mi. Olè tó jalè la ń mú. Àmọ́ pé kí èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ gba láìsẹ́ǹsì, kí wọ́n tú ajá sínú igbó ìjọba tí kò sí màlúù kankan lẹ́bàá ẹ̀, kí wọ́n pa agbo tí ò dé oko ẹnikẹ́ni rí, kí wọ́n wá sọ pé nítorí àgbẹ̀ ni, èmi ò rí àgbẹ̀ nínú ẹ̀. Inú tó ń bí àwọn ará abúlé sí àwọn ará ìlú ńlá ló pọ̀ nínú ẹ̀, orí ìkookò ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Mo sì gbà pé ìbínú náà ní ìdí, torí ará ìlú ló ń dìbò fún ìkookò, agbo ará ìlú kọ́ ni ìkookò ń wọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ọmọ màlúù yẹn kú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wo oko bàbá. Okùn ni wọ́n gbé wá, okùn gígùn tí wọ́n rán àkísà pupa mọ́, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí ara wọn. Wọ́n ní ká ta á yí gbogbo ibi tí àwọn màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wà ká, kó máa fì nínú atẹ́gùn, ìkookò kì í fẹ́ kọjá ẹ̀. Bàbá ò lè rìn jìnnà, èmi ni mo bá wọn ta apá tó kọjú sígbó, ọwọ́ mi ti kú nínú ìbọ̀wọ́. Nígbà tí mo so ìkangun ẹ̀, mo wẹ̀yìn wo gbogbo àkísà pupa yẹn tó ń fì, mo bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi, torí àalè ni. Àalè tí ìyá wa máa ń so mọ́ ìdí ọsàn kí olè má ká a, àkísà pupa lára igi, kẹ́ni tó bá ń bọ̀ mọ̀ pé ibí yìí ní ẹni tó ni ín. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún bàbá. Wọ́n ní kí n tún un pè, wọ́n gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn ẹ̀ ò bọ́ sí i.

Wọ́n ti sọ fún wa pé kò lè pẹ́, pé bí oṣù méjì, ìkookò á mọ̀ pé àkísà lásán ni. Oṣù méjì tó fún ọmọ màlúù láti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin tí mo padà lọ wẹ egbò, bàbá ti wà níta kí n tó dé, wọ́n fi ọ̀pá ju ọwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀ kíá. Yìnyín ti bọ́ lóru. Ipa ẹsẹ̀ náà ti etí igbó wá, ìlà kan ṣoṣo, ó wá tààrà títí tó fi ku bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí okùn. Ibẹ̀ ló ti dúró. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlẹ̀ jinlẹ̀, yìnyín ibẹ̀ ti le bíi pé ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ó tọ ẹ̀gbẹ́ okùn lọ, ó lọ, ó lọ, ó dé igun, ó sì yà padà sínú igbó.